Ṣòkòtò Tó Mọ Ogun Ju Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́ Lọ

Ṣòkòtò kan wà ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, tó lọ sógun tó sì bọ̀. Ọkùnrin kan sì wà ní Ṣómólú tí kò lọ sógun rí, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí ayé gbà pé òun lọ. Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé ni mo fẹ́ rò fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀gá ju òótọ́ lọ, kó pa ìwé dé báyìí, kó lọ kí ọ̀gá rẹ̀.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Lazarus Adéjìmí, olórí àwọn wolé-wolé Ṣómólú àti Bàrígà ní nǹkan bí ọdún 1954. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà náà, wolé-wolé ni ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti wo inú ìkòkò omi yín bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà wá, ibà sì ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n Lazarus ti wo inú ìkòkò àwọn ẹlòmíràn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé òun ni Ọlọ́run fi gbogbo omi ayé sí níkàáwọ́.

Ó kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ìkòkò omi ní ọmọrí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọrí ní ọmọrí. Ìyá àgbà kan béèrè pé kí ni ọmọrí kejì wà fún. Lazarus ní, "Kí ti àkọ́kọ́ má baà dọ̀tí," àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ọlọ́runṣògo akọ̀wé rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́ náà. Mi ò mọ ìwé tí Ọlọ́runṣògo ń kọ, ṣùgbọ́n mo mọ àtẹ́wọ́ rẹ̀.

Láràárọ̀, Ọlọ́runṣògo a gbé akẹtẹ̀ òyìnbó tí ọ̀gá rẹ̀ ń dé sórí kẹ̀kẹ́, a rọra tẹ̀ ẹ́ gba àárín ìlú kọjá nígbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣì ń mu tíì nílé. Ibi tí akẹtẹ̀ bá bá ọ, kí o dìde. Akẹtẹ̀ Lazarus nìkan ni mo mọ̀ láyé mi tí baba àgbà máa ń ṣí fìlà fún, tí yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n sọ pé akẹtẹ̀ náà kì í dáhùn. Lórí èyí, ó jọ olówó rẹ̀.

Ní ọdún yẹn, ìwé kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá pé ní ìparí oṣù, ní èbúté Ìlàjẹ, wọn yóò yẹ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ lójú omi nígbà ogun Hítílà sí. Wọn yóò sì mú ọ̀kan nínú wọn ṣe Alábòójútó Èbúté. Ilé wà níbẹ̀, alùpùpù wà níbẹ̀, fèrè tí ọ̀gá èbúté ń fọn náà sì wà níbẹ̀. Fèrè yẹn ni Lazarus rò tó fi gbé ife tíì kalẹ̀.

"Mo jagun lójú omi," ó wí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́runṣògo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A máa ń rí i lára yín."

"Kí lẹ máa ń rí?"

"Iyọ̀ òkun, sà."

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Nígbà ogun, inú yàrá ẹrù kan ní bárékè ni Lazarus wà, tó ń ka garawa. Ó kà wọ́n dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan rí. Omi tó bá ti ju èyí tí ènìyàn fi ń wẹ̀ lọ, ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Bùràímọ̀ aránṣọ dé ìsọ̀ rẹ̀ ní Ṣómólú, tó bá àmì pupa lára ilẹ̀kùn. Ìlà méjì ni, gígùn bí apá, wọ́n fi ọ̀kan dábùú èkejì. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wíwó ni.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bùràímọ̀ ti ń jókòó sínú ìsọ̀ pákó yẹn. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọmọ mọ́kànlá, yàrá mẹ́rin péré ló sì fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá wó ìsọ̀ yìí, kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì wolé-wolé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?"

Lazarus ṣí ìwé ńlá kan. "Abọ́ omi tí o fi ń wọ́n aṣọ kí o tó lọ̀ ọ́. Ọmọrí mélòó ló ní?"

"Ọ̀kan, sà."

"O gbọ́ ọ," Lazarus wí fún Ọlọ́runṣògo, bí ìgbà tí olè jẹ́wọ́.

Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá pa ìwé ńlá náà dé, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Aránṣọ, ṣé o mọ ṣòkòtò búlúù tí àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ ojú omi máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ó nípọn bíi kíjìpá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ nísàlẹ̀."

Lónìí àwọn ọmọ yín ń pè é ní jíǹsì, wọ́n ń ra èyí tó ti ya lórúnkún ní owó gọbọi. Nígbà yẹn, ṣòkòtò ọkọ̀-ogun là ń pè é, ẹni tó bá sì wọ èyí tó ya, aya rẹ̀ la máa ń bi léèrè.

"Wá ọ̀kan fún mi," Lazarus wí. "Kì í ṣe tuntun o. Èyí tó ti rí ogun. Tèmi ti bá ọkọ̀ rì sínú òkun."

"Ó dùn mí, sà."

"Ó dun òkun náà," Ọlọ́runṣògo wí.

"Tún un ṣe kó bá mi mu fún ọjọ́ ayẹyẹ, n óò sì ní kí wọ́n pa àmì ẹnu ọ̀nà rẹ rẹ́. Bí o kò bá rí i, ọjọ́ kejì ayẹyẹ ni wọ́n máa wó o."

Bùràímọ̀ wá ṣòkòtò. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà ní Òyìngbò, ó tú ìdì aṣọ títí apá fi ń dùn ún. Ẹ̀wù òtútù ló rí, èyí tí ènìyàn lè wọ̀ kú ní Èkó. Ó dé ọ̀dọ̀ ajagunfẹ̀yìntì kan ní Ọbanikórò. Kakí péńpé nìkan ni bàbá yẹn ní, ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kakí náà ni kí wọ́n fi sin òun. Ní ọjọ́ kẹrin ni Bùràímọ̀ rántí Ikúmápàyí, apẹja ará Ìlàjẹ tó máa ń gbé ìgbòkun ọkọ̀ wá fún un rán. Ẹnì kan ti sọ rí pé ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà ogun.

Ó bá a níwájú ilé, tó ń so àwọ̀n. Sabina ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja, èéfín sì bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ohùn rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń rí.

Bùràímọ̀ rojọ́ àmì pupa, ó rojọ́ ọmọrí, ó rojọ́ ṣòkòtò. Ikúmápàyí pa àwọ̀n tì. Sabina ló dáhùn láti inú èéfín.

"Ṣòkòtò tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú lo fẹ́ gbé fún ẹni tó ń ka tanwíjí?"

"N kò tíì sọ pé mo fẹ́ gbé e fún un," ọkọ rẹ̀ wí.

"O ti pa àwọ̀n tì. Mo mọ̀ ọ́."

Ikúmápàyí dìde, ó na ọwọ́ sókè sí àjà tó wà lórí ààrò, ó fa ìdì kan yọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ́ kí kòkòrò má jẹ, orí ààrò là ń gbé e sí. Kòkòrò kankan kò jẹ ṣòkòtò náà. Bùràímọ̀ tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì gbàgbé ẹjọ́ tó bá wá. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí lórí itan méjèèjì, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn ọyẹ́. Nọ́ńbà dúdú kan wà nínú ìbàdí. Ojú rírán rẹ̀ jẹ́ onílọ̀ọ́po méjì, ẹyọ òwú kan kò tú.

"Ará Amẹ́ríkà kan ló fún mi nínú ọkọ̀," Ikúmápàyí wí. "Wọ́n sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tí ọkọ̀ tiwa wá rì, mo bọ́ ọ, mo so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní kókó, mo fì í sókè kí atẹ́gùn kún inú rẹ̀, mo sì di ìbàdí rẹ̀ mú sábẹ́ omi. Ó wú. Mo gbé àgbọ̀n lé e láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀ ló fi gbé mi."

"Ìhòòhò ni ó wà," Sabina wí. "Ó máa ń fo ibẹ̀ yẹn."

"Àwọn ẹja nìkan ló wà níbẹ̀."

"Àwọn náà ní ojú."

Ikúmápàyí gbé ṣòkòtò náà fún Bùràímọ̀. "Mo yá ọ ni o. Ìwọ lo ń rán ìgbòkun mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ní kí o fi ṣe, má gé e."

Bùràímọ̀ gbé e dé Ṣómólú. Ó yí i sódì, ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù láìfi ọṣẹ kàn án, ó sá a sí òjìji kí aró má baà ṣí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òórùn ẹja yíyan kò kúrò. Bó ṣe ń gbẹ ni òórùn náà ń jí.

Ọjọ́ tí Lazarus wá dán an wò, ó dúró síwájú dígí, ó fa ikùn wọlé. Ikùn náà padà wá.

"Òórùn kan wà lára rẹ̀, sà," Bùràímọ̀ wí. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ nígbà tó bá yá pé òun kò sọ.

Lazarus mí kanlẹ̀, ó di ojú. "Òórùn ẹ̀tù ìbọn nìyẹn. Ẹni tí kò jagun kò lè mọ̀ ọ́n."

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà, sà," Ọlọ́runṣògo wí, ó sì sín.

Bùràímọ̀ ní èrò tirẹ̀ nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n wọ ṣòkòtò náà. Kí wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n ki ẹ̀wù funfun bọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ìgbànú fífẹ̀ dì í, kó tán. Ṣòkòtò tó ti rin òkun kò fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá fẹ́ ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó fẹ́ bọ́tìnnì idẹ mẹ́rìnlá. Ó fẹ́ àpò fún fèrè tí wọn kò tíì fún un. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kí sítáàṣì sì mú kó le débi tí ìlà iwájú yóò fi lè gé iṣu.

Bùràímọ̀ rántí ìlérí. Kò fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ó fi òwú jàn-án-jàn-án fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan fà já, ó sì fi irú òwú kan náà lẹ àwọn ìlà àti bọ́tìnnì mọ́ ọn. Bó ti kúnlẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀gá, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Ènìyàn kì í rán ẹnìkejì rẹ̀ lọ sójú agbo láìsọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ìbáà jẹ́ Lazarus.

"Ọ̀gá, ẹni tó ni ṣòkòtò yìí sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó bí ọkọ̀ bá rì. Ó dára kí ẹ gbọ́ ọ."

"Aránṣọ fẹ́ kọ́ mi ní ogun."

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni, sà. Wọ́n máa ń bọ́..."

"Ọlọ́runṣògo, ṣé abẹ́rẹ́ máa ń kọ́ ìbọn níṣẹ́?"

"Kí abẹ́rẹ́ má dán an wò, sà."

Bùràímọ̀ tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún pa á lẹ́nu mọ́. Ó kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin jẹ́rìí o.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Lazarus fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣómólú lọ sí Bàrígà kí ayé lè rí ṣòkòtò. Ó rìn bí ẹni tí pákó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí sítáàṣì. Kò tíì rìn jìnnà tí ológbò dúdú kan fi jáde láti abẹ́ ilé, tó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n yóò fi wọ Bàrígà, ológbò mẹ́rìndínlógún ló tò sẹ́yìn ọ̀gá, ìrù wọn nàró. Bùràímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kà wọ́n.

"Kí ni àwọn wọ̀nyí ń wá?" Lazarus béèrè.

"Ẹranko máa ń mọ akọni, sà," Ọlọ́runṣògo wí.

Lazarus bojú wẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó kí wọn.

Ìjọba ti rán òyìnbó àgbàlagbà kan wá, tó lo ogún ọdún nínú ọkọ̀ ogun. Ó ti pẹ́ ní Èkó débi pé ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Ó jókòó sábẹ́ ìbòòji létí omi. Àwọn apẹja dúró yíká. Lazarus gun orí afárá pákó tó yọ sínú ọ̀sà, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣe mí kíkan. Àwọn ológbò bá a gòkè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "àti ẹ̀yin omi. Nígbà tí ọkọ̀ wa rì, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọkùnrin ló kígbe, èmi nìkan ni n kò kígbe. Mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe. Mo bọ́ sínú òkun bí ẹni ń wọ yàrá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lójú omi nínú ṣòkòtò yìí gan-an. Òkun dé orúnkún mi, ó rí ẹni tí mo jẹ́, ó sì dúró. Ẹja ńlá kan yọjú. Mo bi í bóyá ó ti bo ìkòkò rẹ̀. Ó padà."

Ọlọ́runṣògo pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni. Gbogbo ará Ìlàjẹ ti gbọ́ ìtàn ṣòkòtò yẹn lẹ́nu Ikúmápàyí láti ọdún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìhòòhò àti láìsí ìhòòhò, wọ́n sì ń wo ọ̀gá bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó wọ bàtà onílé jáde.

Òyìnbó náà na ọrùn. "Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tàbí ìbàdí. Èwo ni o so ní kókó?"

"Sà?"

"Kí o tó léfòó. Èwo ni o so?"

Bùràímọ̀ wo ilẹ̀. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ọjọ́sí.

"Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá kì í so ṣòkòtò ní kókó, sà," Lazarus wí. "Mo wọ̀ ọ́ ni. Mo dúró nínú rẹ̀. Báyìí."

Ó fẹ́ fi bó ṣe dúró hàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ológbò ló wà níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ológbò méjì ló wà níbẹ̀. Akẹtẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sómi, bó ṣe máa ń ṣáájú rẹ̀ láràárọ̀, ọ̀gá sì tẹ̀ lé e.

Ariwo tó pa kò ṣe é kọ sínú ìwé. Ó ní òun ń lọ o. Ó pe ìyá rẹ̀. Ó pe ìjọba. Ó ju apá, ó ju ẹsẹ̀, ó mu ọ̀sà. Ikúmápàyí fò sómi, ó di ìbàdí ṣòkòtò mú, ó fà á bọ́. Ìlà pupa já, bọ́tìnnì idẹ fọ́n ká, òwú jàn-án-jàn-án tú, ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì fẹ̀ padà bí Amẹ́ríkà ṣe rán an. Ó so ó ní kókó méjì, ó fì í sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ ìbàdí rẹ̀ bọ omi. Ó wú. Ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n ọ̀gá. Ọ̀gá wolé-wolé léfòó níwájú ìjọba nínú ṣòkòtò abẹ́ tí wọ́n fi àpò fúláwà rán, àwòrán àkùkọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín, ojú rírán ṣòkòtò ni Bùràímọ̀ ń wò. Kò jò.

"Ọ̀gá," Ikúmápàyí wí, "ẹ dìde dúró."

"N kò lè dìde. Òkun jìn."

"Ẹ dìde, sà."

Lazarus na ẹsẹ̀, ó bá ilẹ̀. Ó dìde. Omi náà dé orúnkún rẹ̀, ó sì dúró. Ibẹ̀ nìkan ni ìtàn rẹ̀ ti jẹ́ òótọ́.

Òyìnbó náà kọjú sí Ọlọ́runṣògo. "Ọkọ̀ wo ni ọ̀gá rẹ bá lọ sógun?"

Ọlọ́runṣògo wo Lazarus nínú omi. Ó wo òyìnbó lórí àga. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Garawa ló ń kà, sà," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé akẹtẹ̀ yín."

Wọ́n fi ipò Alábòójútó lọ Ikúmápàyí. Ó béèrè bóyá ẹni tó bá wà níbẹ̀ máa ń lọ sójú omi. Wọ́n ní rárá, jíjókòó ni. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. "Ohun kan ni mo fẹ́. Wọ́n fẹ́ wó ìsọ̀ aránṣọ kan ní Ṣómólú lọ́la."

"Kí ló ṣe?"

"Ọmọrí abọ́ rẹ̀ kò ní ọmọrí."

Òyìnbó náà rò pé Yorùbá òun ni kò tó. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un sọ fún un, kó tó wá béèrè fún bébà, tó kọ ìwé lórí orúnkún rẹ̀ pé kí wọ́n má wó ìsọ̀ náà.

Kí oṣù tó tán, wọ́n gbé Lazarus lọ sí Ọbanikórò, kó máa bójú tó kànga kan, kó sì máa kọ iye garawa tí wọ́n bá fà sílẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé ó mọ garawa í kà. Ṣòkòtò ọkọ̀-ogun padà sórí ààrò Sabina. Àwọn tí ìjọba rán wá pẹ̀lú kẹrosíìnì láti fọ àmì pupa ẹnu ọ̀nà Bùràímọ̀, ó dá wọn padà. Ó ra ọ̀dà pupa díẹ̀, ó ya òrùka méjì sí ìsàlẹ̀ ìlà méjèèjì, òrùka kan sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó di àlùmọ́gàjí tó la ẹnu. Láti Akọ́kà ni wọ́n ti ń wá ìsọ̀ alálùmọ́gàjí pupa kiri.

Ọdún kan kọjá. Lọ́jọ́ kan, Lazarus gbé ṣòkòtò kan wá fún títún ṣe, kakí tó ya níbi ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Bùràímọ̀ fún un ní àga, nítorí kò sí ẹni tó yẹ kó dúró nínú ìsọ̀ ẹni. Lazarus kò jókòó. Ó ń wo ara ilẹ̀kùn.

"Bùràímọ̀, ta ló ya àlùmọ́gàjí yìí fún ọ? Ọwọ́ rẹ̀ gún."

"Ẹ̀yin ni, sà," Bùràímọ̀ wí, ó sì gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀.